Omi Tí Kò Mọ Ìsàlẹ̀

Àgbẹ̀ tó bá mọṣẹ́ ní ìlú Kambolé, ní Tógò, kì í fi ojú lásán wo ebè. Yóò ti ìka bọ inú rẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ díẹ̀, yóò sì fún un. Bó bá dì mọ́ra tí kò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, omi tó. Ọwọ́ yẹn ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ oko. Òun náà ni mo rí nínú ìtàn Scott Kelly, ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú òdòdó zinnia nínú ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ kọ́ sí òfurufú, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè.

Kò sí ebè níbẹ̀. Àpò kékeré ni, amọ̀ tí wọ́n fi iná yan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀. Iná pupa àti búlúù ló dípò oòrùn. Omi ni wàhálà ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá bu omi sí ìdí irúgbìn, ó ń wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì tẹ̀lé e wọlé. Lókè lọ́hùn-ún, omi kò mọ ìsàlẹ̀. Ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, tó ń bò ó bí awọ, gbòǹgbò ò sì rí èémí mí.

Ní ìparí ọdún 2015, omi ń yọ lára ewé zinnia bí òógùn, ewé ń ká kò, ó sì ń bu. Wọ́n mú kí fáànù fẹ́ gidigidi, ó wá gbẹ jù. Àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà láti orí ilẹ̀ níhìn-ín ló ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò bomi rin ín. Kelly ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ojú ara òun pinnu. Ìwé ìtọ́ni ojú-ewé kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, òdòdó náà là, ó pọ́n bí ọsàn. Bí àgbẹ̀ ṣe ń bá oko sọ̀rọ̀ nìyẹn!

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, irúgbìn ẹ̀gúsí láti Ọ̀yọ́ náà dé ibùdó yẹn. Wọn ò gbìn ín síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló padà wálé fún ìwádìí. Inú mi dùn, àmọ́ ìtàkùn rẹ̀ ni mò ń rò. Lórí ebè, ó ń fà bo ilẹ̀, ó ń ṣíji bo erùpẹ̀, ó sì ń pa koríko. Bí wọ́n bá gbìn ín sókè lọ́jọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa nà tọ̀, ẹnìkan yóò sì ní láti máa fi ọwọ́ darí rẹ̀ láràárọ̀.