Ìtàn Aláwòrán fún Ẹni tí Ọtí Ti Di Bárakú Fún

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ẹni tí ọtí tàbí igbó ti di bárakú fún, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáwọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí oorun sì ń sá fún un, yóò mọ̀ pé ìwé gígùn kò lè wọ̀ ọ́ lórí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwòrán síwájú rẹ̀, yóò na ìka sí i, yóò ní, “Èmi rèé.” Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà ni mo ṣe ń yin ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ mèremère pa ìtàn Joe, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tí ọtí ń dà láàmú. Ọgbọ́n náà kò sì ṣàjèjì sí wa, àwa tí a fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà inú ìwé ìròyìn Atọ́ka gbọ́ ìtàn láyé ọjọ́sí.

Ìtọ́jú tí ẹbí ń bá aláìsàn dá sí náà kò ṣàjèjì sí wa. Láti Arepo wa yìí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Arò ní Abẹ́òkúta kò jìnnà, níbi tí Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ní 1954, tí ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé. Nítorí náà, ìbá wù mí kí ayàwòrán wa kan ya irú ìtàn Joe fún wa: ọmọ Arepo, kọ́ńdọ́kítọ̀ tí oògùn tramadol wà lápò rẹ̀, àti ìyá rẹ̀ tí ń ka owó ọjà tí kò pé. Kí ó má sì fi ojú ewé tí ọmọ náà ti tún ṣubú pamọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni aláìsàn yóò ti gba ìtàn náà gbọ́.