Ìyì Wíwọn Omi Kànga

Ó yẹ ká yin onílé tó ń wọn omi kànga rẹ̀. Téèpù onírin àti ṣọ́ọ̀kì ti tó o: yóò fọ téèpù, yóò fi ṣọ́ọ̀kì pa ìdí rẹ̀, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láti ojú àmì kan náà létí kànga, yóò sì yọ ibi tó rin kúrò nínú iye tó wà lójú àmì. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, torí kànga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kì í tètè kún padà.

Àwọn kan á ní bí omi bá tán, ṣebí korobá yóò fi hàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Ní Ìbàdàn, tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀, inú erùpẹ̀ tó bo àpáta náà ni ọ̀pọ̀ kànga ti ń rí omi, ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa fà á lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ̀ bóyá omi ọdún yìí rẹlẹ̀ ju ti èṣí lọ, yóò sì pa ẹ̀rọ ìfami kó tó máa fa afẹ́fẹ́, kó má baà jó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín kí òjò tó dáwọ́ dúró.