‘Fún’ àti ‘Lò’: Àríyànjiyàn lórí Ẹ̀rọ Èémí Ojú Oorun

Àwọn àgbà a máa wí pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Orí gbólóhùn yìí ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ìṣègùn èémí àti oorun dúró lé láti ọdún 2016.

Àrùn ìséèémí lójú oorun ni ó fa ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun a máa dí bí aláìsàn bá ti sùn, èémí a dúró, a ta jí, a sì tún sùn, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọdún 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney gbé ẹ̀rọ CPAP jáde, èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé kí ọ̀nà náà má baà dí. Ní ọdún 2005, ìwádìí kan láti Sípéènì fi hàn pé àrùn ọkàn pọ̀ láàrin àwọn ọkùnrin tí àrùn náà le lára wọn tí wọn kò gba ìtọ́jú ju láàrin àwọn tí ó lo ẹ̀rọ lọ.

Ìwádìí SAVE ti ọdún 2016 ni ó da omi tútù sí ìrètí náà. A pín ènìyàn 2,717 tí ó ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ọpọlọ tẹ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì, bí ẹni ṣẹ́ kèké. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3.7, ìdá 17.0 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fún ní ẹ̀rọ ni àjálù ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ bá, ìdá 15.4 ni láàrin àwọn tí a kò fún. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè gbára lé.

Àwọn alátìlẹ́yìn ẹ̀rọ dáhùn pé ewé kan ló kù: wákàtí 3.3 péré ni wọ́n lò ó lóru. Àkójọpọ̀ ìwádìí mẹ́ta tí ó jáde ní ọdún 2023 kò rí àǹfààní fún gbogbo wọn lápapọ̀, ṣùgbọ́n àjálù dínkù láàrin àwọn tí ó lò ó tó wákàtí mẹ́rin. Èsì yìí ní àléébù. Kèké ni ó pín ẹni tí a fún. Ìwà ni ó pín ẹni tí ó lò. Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sú òun, ó ṣeé ṣe kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé pẹ̀lú.

Àwọn alátakò náà sì ṣe àṣejù. SAVE kò gba àwọn tí òòrùgbé ọ̀sán ń dà láàmú gidigidi wọlé, bẹ́ẹ̀ híhanrun àti òòrùgbé dínkù lára àwọn tí ó lo ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ náà kò wúlò ti sọ kọjá ohun tí a wádìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni wọ́n dà pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kó ‘fún’ àti ‘lò’ sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo tí ó túmọ̀ sí ìtọ́jú. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwádìí dáhùn ìbéèrè ‘fún’. Ìbéèrè ‘lò’ ni aláìsàn ń béèrè. Olùkọ́ tí yóò túmọ̀ irú ìwádìí báyìí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ewé kan bá sì kù, kí a dárúkọ rẹ̀ kí a tó se àgbo, kì í ṣe lẹ́yìn tí àgbo bá kọ̀ tí kò jẹ́.