Ọkọ̀ Afẹ́ Tí Ń Jẹ Afẹ́fẹ́

Ẹ̀rín ni àwọn awakọ̀ dáńfó fi pàdé ọkọ̀ náà. Ní ilé epo kan tí wọ́n ti ń ta gáàsì ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, BMW M3 kan tò sẹ́yìn dáńfó mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Awakọ̀ kan béèrè bóyá ọ̀gá náà ṣìnà ni. Òmíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá síwájú, nítorí ẹni tí ebi ń pa tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó dúró pẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan rí, rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ó ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pa. Èmi jókòó tì í. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, àti bóyá ọgbọ́n wà nínú ohun tó fà á: kí ènìyàn mú ọkọ̀ tí a dìídì ṣe fún eré sísá, kí ó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń jẹ gáàsì nítorí pé gáàsì kò wọ́n.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni wa. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí iye rẹ̀ kò tó ₦200 lábẹ́ òfin títí di ọjọ́ náà ti di ₦998 ní ilé epo ìjọba ní Èkó nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Láàrin àkókò kan náà ni ìjọba gbé ètò gáàsì ọkọ̀ kalẹ̀, èyí tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí CNG. Kì í ṣe gáàsì tí a fi ń dáná nínú ilé. Gáàsì inú ilẹ̀ ni, tí a fún pọ̀ mọ́ inú sílíńdà. Ní ọdún 2024, ₦230 ni àwọn tí ń tà á ń gbà lórí kúbíìkì mítà kan, iṣẹ́ tí kúbíìkì mítà kan sì lè ṣe kò kéré sí ti lítà epo kan.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí M3 lórí ìlà gáàsì fi pani lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹṣin. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ohun ìjà ni ẹṣin, ohun iyì sì ni pẹ̀lú. Òkè Ọya ni a ti ń rà á wá. Eṣinṣin búburú inú igbó kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ jìnnà sí gúúsù. Ènìyàn ni yóò pa koríko fún un, ènìyàn ni yóò fọ ibùjẹ rẹ̀. Ìnáwó orí ẹṣin gan-an wà lára ohun tí ará ìlú ń wò nígbà tí olóyè bá gùn ún kọjá. Àwọn òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ náà kò sì jìnnà sí èrò yìí, nítorí agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Àwa ní tiwa sọ ọkọ̀ lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ. Mercedes irú W124 di V-Boot lọ́dọ̀ wa. Honda Accord ti ọdún 2003 di End of Discussion, èyí tó já sí pé ẹni tó bá ti rà á ti parí ọ̀rọ̀. (Ọ̀rọ̀ kò parí. Ọkọ̀ náà ti darúgbó, epo sì ti gbówó lórí.) Oríkì ni irú orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tí a bá sì ki ní oríkì olówó, tí a wá bá a níbi tí ó ti ń ra ẹ̀kọ ọ̀sán lọ́wọ́ oníkiri, yóò ṣòro fún un láti dá wa lóhùn.

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ bá àwọn ẹlẹ́rìn-ín jà. Ọkọ̀ èrò ni ó mú gáàsì wọ àárín wa. Ní ìlú Benin, àwọn takisí ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 2010. Nígbà tí ètò ìjọba dé, dáńfó, kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì ni a kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà ni a ti ka gáàsì kún oúnjẹ tálákà. Nígbà tí ènìyàn bá ní gáàsì “kò yẹ” M3, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní rí èsì fọ̀. Ìlà ni kò yẹ, kì í ṣe gáàsì. Bẹ́ẹ̀ àwa náà mọ̀ pé eré sísá àti oúnjẹ òòjọ́ ti gbé inú ọkọ̀ kan ṣoṣo rí. Peugeot 504 tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1975 àti 1978, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń tò jọ ní Kàdúná láti ọdún 1975, òun náà ni ó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú káàkiri Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé owó ọkọ̀ tí à ń san bu eré rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀sùn wọn wúwo ju ti ẹlẹ́rìn-ín lọ. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn ọkọ̀ nítorí ọkọ̀. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ẹṣin 343, kí ó má rà á. Ó yẹ kí a fún àwọn yìí ní èsì tó nípọn.

343 ni agbára ẹṣin ẹ́ńjìnnì M3 tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 2000 sí 2006. Sílíńdà mẹ́fà ni ó ní, sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ kankan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Bí ènìyàn ti ń mí ni ó ń mí, ó kàn jẹ́ pé ó lè yí nǹkan bí ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n mímí ni. Ibẹ̀ gan-an ni gáàsì ti ń ṣe é ní jàm̀bá. Epo bẹntiróòlù wọlé ní ẹ̀kán tín-tìn-tín, kò gba àyè. Gáàsì wọlé gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́, ó sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gidi wà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń pàdánù lórí gáàsì a máa tó ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹṣin 343 yóò ku bí 300. Sílíńdà irin tí a gbé sínú búùtù yóò sì fi ohun tó lé ní 60 kílò kún ìdí ọkọ̀ tí àwọn tó ṣe é fi sùúrù pín ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba síwájú àti sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá dé kọ́nà, ọwọ́ awakọ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Àdánù gidi ni èyí, n kò sì fẹ́ràn àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí ń sọ fún oníbàárà pé kò sí ìyàtọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ kì í kà sí. Àwọn tó ṣe M3 yìí fẹ́ kí ó máa jẹ epo tí octane rẹ̀ jẹ́ 98. Octane ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìgbiná kí àkókò tó tó. Nǹkan bí 91 ni ti epo tí à ń rà ní ilé epo wa. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, a ń fún ohun tó wọ inú sílíńdà pọ̀ títí yóò fi ku ìdá kan nínú mọ́kànlá àbọ̀, ìfúnpọ̀ náà sì ga ju ohun tí epo wa lè gbà. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì a gbọ́ bí ó ti ń kan, yóò sì fa ìtanná sẹ́yìn kí nǹkan má baà bàjẹ́; agbára náà yóò bá a lọ. Nítorí náà, M3 pípé tí wọ́n ní gáàsì yóò bà jẹ́ kò sí lórí títì wa. Ebi ti ń pa ẹṣin náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ ní èbúté. Gáàsì ní tirẹ̀ ní octane tó lé ní 120. Kò lè dá àyè afẹ́fẹ́ padà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kì í kan lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2009, Volkswagen gbé Passat kan jáde ní Jámánì tí wọ́n pè ní EcoFuel: ẹ́ńjìnnì lítà 1.4 péré, agbára ẹṣin 150, gáàsì ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀rọ méjì sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi sílíńdà gáàsì sí, búùtù rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀rí nìyí pé gáàsì kì í dédé sọ ọkọ̀ di ìgbín. Bí a bá ti gbèrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà wà. Ohun tí à ń ṣe lọ́dọ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a ti rán fún ẹnìkan ni à ń tún rán fún ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí àtúnrán náà ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré tuntun, inú sílíńdà gan-an ni wọ́n ń tú epo sí, epo tó ń kọjá náà ni ó ń tu ẹnu ohun èlò tí ń tú u lára. Bí gáàsì bá ń jó níbẹ̀, epo díẹ̀ ní láti máa bá a jó. M3 yìí kò ní wàhálà náà, nítorí lẹ́nu ọ̀nà sílíńdà, lóde, ni a ti ń tú epo tirẹ̀.

Ó wá ku owó. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn iye ọdún 2024 yẹn ṣe ìṣirò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye epo àti ti gáàsì kì í dúró sójú kan. Ká ní ọkọ̀ náà ń jẹ lítà 12 ní kìlómítà 100. Epo yóò gba ₦11,976, gáàsì yóò gba ₦2,760. Ohun tó ṣẹ́kù sápò jẹ́ ₦9,216. Ká ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà ni iṣẹ́ àtúnṣe náà. Ó di ìgbà tí ó bá rin nǹkan bí kìlómítà 16,300 kí owó náà tó padà wálé. Ẹni tó ń lọ sí Èkó láti Ìbàdàn, tó sì ń padà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò rí i gbà láàrin ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde lọ sóde ìgbéyàwó ní Sátidé nìkan, tí kò rìn ju kìlómítà 20 lọ lọ́sẹ̀, yóò fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀ dúró de owó rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti rí jù tó ń gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe. Ó ti náwó tán kí ó tó mọ̀ pé kì í rìn.

Sílíńdà kan tó gba lítà 65 a máa gba gáàsì bíi kúbíìkì mítà 15. Pẹ̀lú ìṣirò tí a ṣe yìí, kìlómítà 125 ni yóò gbé e dé. Ó ṣeé ṣe kí gáàsì tán kí ó tó wọ Èkó, kí epo sì gba iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò bá ní ilé gáàsì lójú ọ̀nà rẹ̀ gbé irin lásán kiri ni.

Ohun kan kò sì gba àríyànjiyàn rárá. Ìfúnpọ̀ gáàsì inú sílíńdà yìí tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Sílíńdà ìdáná inú ilé kò tó ẹrù yẹn í gbé. A kò ṣe é fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Àwọn alákòóso ètò náà sọ lẹ́yìn ìwádìí pé sílíńdà àdàlù tí wọ́n jó pọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti CNG. Mẹkáníìkì tó mọ M3 tinú-tẹ̀yìn lè má mọ nǹkan kan nípa sílíńdà. Ẹni tó bá wá irú àtúnṣe yìí ní pọ́ọ́kú, nítorí pé owó ni ó ń sá fún, ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ṣe ẹ̀dínwó.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo gbà pé ó ṣe ohun tó dára. Ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn lójoojúmọ́, ibi tí a ti fọwọ́ sí ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà, ó sì mọ ohun tí ó pàdánù. Kí ó tó ṣe é, oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ tapólì. “Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni ó wí fún mi, “ṣé kí n máa lọ kí i níbẹ̀ ni?”

Nígbà tí a kọjá Ògèrè, títì tẹ́jú níwájú wa. Ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó padà sórí epo. Kò kọjá 100 tí òfin gbà. Ó ní fún kìlómítà mẹ́wàá péré ni, òun a máa ṣe é ní ibí yìí nígbà gbogbo, nítorí ohùn ẹ́ńjìnnì.

“Ẹ gbọ́ ọ, sà?”

Mo tẹ́tí dáadáa. Èmi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò yí i padà sórí gáàsì títí a fi dé Ìbàdàn.