Wọ́n Gbọ́ Tẹnu Ará Ìta

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ Library of Congress ní Washington ṣe, tí orí mi ń wú sí títí dòní. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, wọ́n kó nǹkan bí 3,000 fọ́tò àtijọ́ sórí ìkànnì Flickr, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń fi àwòrán han ara wọn. Bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti iléeṣẹ́ Bain, tó ń ta fọ́tò fún àwọn ìwé ìròyìn láyé ọjọ́un. Orúkọ ìdílé nìkan ló wà lára òmíràn, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àṣìkọ ni.

Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ẹnìkan á dá òpópónà mọ̀, òmíràn á lọ tú ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí àwọn òṣìṣẹ́ náà gan-an rèé: wọn kò kàn gba gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ gbọ́. Wọ́n fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá sì já sí òótọ́ ni wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ fọ́tò náà. Wọ́n tún wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Flickr ni àlàyé náà ti wá, ní 2008. Ẹ wo ìwà ọmọlúàbí! Ẹni tó bá ṣí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, á ṣì bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.