Iyì Ọparun ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ọparun kì í ṣe igi, bí ó tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ igi ní Òde-Ayé àti káàkiri agbègbè Òkìtìpupa. Ìdílé koríko tí ìreké àti àgbàdo wà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà á mọ́, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ní gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní Bambusa vulgaris. Nítorí pé koríko ni, kì í sanra sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún: bí ọmọ rẹ̀ bá ṣe tóbi tó nígbà tí ó yọrí láti inú ilẹ̀ lákòókò òjò, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà, láàrin oṣù mélòó kan ni yóò sì ga tán, tí ó lè ga tó mítà 15.

Ṣùgbọ́n kí ó ga yàtọ̀ sí kí ó gbó, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọparun tí yóò bá wúlò gbọ́dọ̀ tó ọdún 3 sí 4. Èyí tí kò gbó máa ń dán, èèpo tí ó wé e kì í tíì bọ́ tán. Èyí tí ó gbó ti pàdánù dídán náà, àbàwọ́n funfun ti hù sí i lára, bí oníṣẹ́ bá sì fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ohùn rẹ̀ á dún gan-an. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé e, torí pé sítáàṣì inú rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurù, kì í pọ̀ nígbà náà; òun ni kòkòrò ń wá tí ó fi ń lu ọparun tí ìyẹ̀fun fi ń dà sílẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ á tún rì í sínú odò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tò ó sí abẹ́ ibòji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọparun tí ó ti rí irú ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun à ń lò sọnù. Ní Gánà, àjọ Ghana Bamboo Bikes Initiative ń fi ọparun ṣe férémù kẹ̀kẹ́ tí àgbàlagbà ń gùn. Ó dunni pé, nílé, òpó tí wọ́n fi gbé dẹ́kìn ró kí kọnkéré tó gbẹ ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, tí wọ́n á sì dáná sun ún bí iṣẹ́ bá ti parí.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó rọrùn fún ilẹ̀ tó o. Bí wọ́n bá gé ìrókò kan nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa, ọ̀pọ̀ ọdún ni òmíràn yóò fi tó o; bí wọ́n bá gé àwọn tí ó gbó láàrin ìdí ọparun kan, gbòǹgbò tí ó so wọ́n pọ̀ nínú ilẹ̀ ṣì wà láàyè, yóò tún hù lójò tí ń bọ̀, gbòǹgbò yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí àgbàrá wó etí odò. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ létí omi, kí ó gbìn ín. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́lé, kí ó tọ́jú òpó rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé dípò kí ó sun ún.