Akàn Kì í Ṣe Kóńgò

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ tí ń wo ìtànṣán gámà láti ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá rí orísun tuntun, wọn a ní ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá Akàn, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún Akàn. Akàn yìí kì í ṣe ẹran inú omi. Kùrukùru ni, ó wà nínú àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Taurus, ó sì jìnnà sí ayé tó nǹkan bí 6,500 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Òun ni wọ́n sọ di kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà. Ìbéèrè tí onílámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi wọ́n ni pé: ta ló wọn kóńgò náà?

Bí ó ti di òṣùwọ̀n kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ àlejò kan yọ, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn ní ọ̀sán gangan. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù ni. Ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni pulsar, òkú ìràwọ̀ tí kò fẹ̀ ju ìlú kan lọ, tí ó sì ń yí nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó ti ń yí ni ó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pósítírọ́ọ̀nù jáde. Èyí ni wọ́n ń pè ní ‘afẹ́fẹ́’, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ sí ẹnikẹ́ni lára kí ara tù ú. Níbi tí ó ti kọlu ohun tó yí i ká, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a gba agbára kún agbára; bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ ìmọ́lẹ̀ lásán, wọn a sọ ọ́ di ìtànṣán gámà. Ní 1989, Trevor Weekes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Whipple ní Arizona, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí ìtànṣán náà. Akàn ni orísun àkọ́kọ́ tí awò orí ilẹ̀ rí láìsí iyèméjì. Ipò àkọ́bí ló sọ ọ́ di òṣùwọ̀n.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, AGILE, awò ilẹ̀ Ítálì tó wà lójú òfuurufú nígbà náà, kéde pé ìtànṣán Akàn ti ru sókè. Fermi ti Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ó tún ru, èyí sì ju ti ìṣáájú lọ. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ó fi ń ru, nígbà tí kùrukùru náà fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Igun kékeré kan nínú rẹ̀ ló mì, tí òṣùwọ̀n sì yẹ̀. Òdodo ni pé ìtànṣán tí agbára wọn kéré sí èyí tí awò orí ilẹ̀ ń rí ni ọ̀rọ̀ náà kàn; àwọn awò orí ilẹ̀ kò rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè máa lo Akàn lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa sọ agbára tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí orísun tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá Akàn ní agbára kan lè jẹ́ ìdá mẹ́ta níbi tí agbára gbé ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù tó jù ni pé Akàn kò jọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí H.E.S.S. rí láti orí òkè Khomas ní Nàmíbíà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2002, ti dàgbà, wọ́n sì fẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2018, orísun 78 ló wà níbẹ̀; 31 péré ni wọ́n dá mọ̀ dájú, 12 nínú wọn sì jẹ́ kùrukùru afẹ́fẹ́ pulsar. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ni HESS J1825−137. Orúkọ yìí kò dùn létí, ṣùgbọ́n kò purọ́: ibi tí nǹkan wà ló sọ, kò sọ ohun tó jẹ́. Ìtànṣán tí agbára wọn ga jù sún mọ́ pulsar rẹ̀. Àwọn tí agbára wọn rẹlẹ̀ tàn kálẹ̀ lọ jìnnà, torí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àtijọ́ ti ná agbára wọn tán lójú ọ̀nà. Ìtàn ìgbésí ayé pulsar ni ẹni tó bá wò ó ń kà. Akàn kò lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tún di àríyànjiyàn ní 2017, nígbà tí HAWC ní Mẹ́síkò ròyìn ìtànṣán gbòòrò tó yí pulsar Geminga ká. Àwọn kan ní kùrukùru ni. Àwọn mìíràn ní rárá, agbo ìmọ́lẹ̀ ni, torí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti jáde kúrò nínú kùrukùru sí gbangba. Kì í ṣe àwàdà. Pósítírọ́ọ̀nù tó ń dé sàkáání ayé pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, àwọn kan sì fẹ́ fi èyí ṣe ẹ̀rí ohun òkùnkùn tí ojú kò rí. HAWC ní ìrìn àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Geminga lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ pé tirẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mìíràn dáhùn pé ìtòsí pulsar nìkan ni ìrìn náà ti lọ́ra. Ẹni tó pè é ní kùrukùru ti gbà pé wọ́n ṣì wà nínú ilé. Ẹni tó pè é ní agbo ti gbà pé wọ́n ti jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yàn, wọ́n sì ti fi dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ tán.